Ìnàkí àti Ẹyẹ Tí Kò Tó Àtàǹpàkò

Màámi, ọmọ yín ti rọ́wọ́ mú níbí. Èmi àti ìnàkí kan la jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́gbà ẹranko: òun ń yàgbẹ́, èmi ń kó o. Lánàá, mo fẹyín kí i, àṣé ìjà nìyẹn lójú tiẹ̀. Ó bu ìgbẹ́ gbígbóná, ó fi gbá mi lẹ́nu. Mo ti fọ ẹnu tì.

Ẹyẹ kan wà nítòsí tí kò tó àtàǹpàkò mi. Omi ṣúgà ló ń mu, ìgbẹ́ ẹ̀ ò ju ìrì lọ. Mo ní kí ọ̀gá gbé mi lọ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kàwé ló ń tọ́jú ẹyẹ."

Àbúrò mi tó fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ wá bá mi, ẹ ní kó jókòó. Ibí dùn o, ààyè ni ò sí. Ẹ bá mi kí Bàámi.