Ẹ̀tù Tó Wà Láàárín Ìka Bàbá Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé iṣẹ́ kò gba gbogbo agbára rẹ tán? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn. Ní tèmi, ara mi le. Ẹnu mi náà ṣì le, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń sọ. Ilé wa ni kò gún régé. Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á síwájú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá yín, wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ rárá. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù, òun náà kì í sì í sinmi. Àtàǹpàkò á máa ra ìka tó tẹ̀ lé e, á lọ, á bọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí títí wọ́n á fi sùn. Dókítà ní àìsàn náà ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n, mo sì gbà á gbọ́. Mo máa ń di ọwọ́ náà mú kó lè sinmi, wọ́n á sì fà á gbà lọ́wọ́ mi tìbínútìbínú. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé gbogbo agídí tí wọ́n ti ń bá mi ṣe láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, ọwọ́ òsì yìí ni wọ́n kó o sí. Tẹ́lẹ̀ rí, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn wò mí ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, nítorí ọkọ̀ tó ń wà ti kú sílẹ̀. Ó ní òun kò lè jókòó máa wo ìyá òun lójú, ló bá gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá yín kúrò lára ògiri. Ìbọn yẹn náà ni, èyí tí wọ́n ti fi ń pa àparò kí n tó bí èyíkéyìí nínú yín. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀tù bàbá yín lọ, ó mú agolo ẹ̀tù tó sún mọ́ ọn jù, ó mú ìwo kékeré tí bàbá yín fi ń wọn ẹ̀tù, ó sì bù ú kún dọ́gba-dọ́gba bó ṣe máa ń rí i kí wọ́n ṣe é. Ó kó ọta wẹ́wẹ́ lé e. Àparò fò, ìbọn bú gbàù, èjìká ọmọkùnrin wú, àparò sì bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo ní bóyá àwọn àparò náà ti mọ̀ ọ́n lójú, wọn kò tiẹ̀ kánjú mọ́.

Ó wá lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ó yin ìbọn sí i. Ọta lu etí ìwé náà yíká, àárín rẹ̀ ṣófo gbayawu. Ẹyẹ lè jókòó sí àárín ibẹ̀ kó máa jẹun, ọta kò ní í kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ìwé náà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi han bàbá yín. Ó ní, "Bàbá, ìpẹtà ti jẹ ẹnu ìbọn yín, ọjọ́ orí ni. Màá gbé e lọ bá wẹ́ẹ́dà, kó gé ibi tó ti jẹ dànù."

Ọmọ mi, ọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ débi pé bẹ́ẹ̀dì ń dún. Wọ́n na ìka méjèèjì sí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n ń ra á, wọ́n ń ra á, ohùn kan sì ń jáde lọ́nà ọ̀fun wọn tí n kò gbọ́ rí. A fún wọn lómi, wọ́n dà á nù. A bò wọ́n láṣọ, wọ́n fà á jù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé àárẹ̀ ló le sí i, ó sáré jáde kó má bàa sunkún níwájú wọn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni èmi ń wò lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Wẹ́ẹ́dà gé ìbọn náà. Ó gé e dáadáa, ó tún fi fáìlì fá ẹnu rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e wọlé pẹ̀lú ayọ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti tún un ṣe." Bàbá yín wo ìbọn tó ti di kúkúrú. Wọ́n wò ó pẹ́. Ọwọ́ òsì náà dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́ lórí aṣọ. Èmi sì gbé ọwọ́ sókè, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé gbígbọ̀n ti lọ, ara ti ń bọ̀ sípò. Ijó ni mo jó, ọmọ mi, nínú yàrá yẹn, lójú wọn.

Ìgbà tí mo lọ gbá ṣọ́ọ̀bù ni ojú mi là. Agolo méjì ló wà lórí pẹpẹ. Èyí tó wà níwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀tù inú rẹ̀ kúnná bí iyọ̀ tí a lọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn kún, eruku bo ìdérí rẹ̀, hóró inú rẹ̀ sì tóbi bí kóró ata. Asẹ́ tí ẹ fi ń jọ̀ ẹ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín, ìwọ àti bàbá rẹ. Wọ́n á ní kí o dijú, wọ́n á bu ẹ̀tù sí ọ lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Èwo ni?" Ìwọ á fi àtàǹpàkò ra á lórí ìka, ìwọ á ní, "Ti ẹyẹ ni, Bàbá," inú wọn á sì dùn bí ẹni tó jogún.

Mo rántí ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ọ, tí mo máa ń pè ní àròyé. "Kíkúnná wà fún ìbọn ojú tín-ínrín tó ń yin ọta ẹyọ kan. Ọta wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa ẹyẹ nínú ìbọn ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, oníhóró ńlá ni kí o fún un. Kíkúnná ń kánjú, ó ń tú ọta ká kó tó rìn jìnnà. Oníhóró ńlá ń jó díẹ̀díẹ̀, ó ń tì wọ́n lọ pọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ìwo yẹn pàápàá, oníhóró ńlá ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Kíkúnná á há sínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ náà.

Mo bu díẹ̀ lára oníhóró ńlá, mo gbé e lọ bá wọn. Mo kọ́kọ́ pa iná àbẹ́là, kí o má rò pé orí mi ti dàrú. Mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìka wọn rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi sì ń dà lójú wọn sínú etí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ, mo fi agolo méjèèjì hàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló sì máa ń wà báyìí, oúnjẹ kì í wọ ọ̀fun rẹ̀ dáadáa. Bí o bá dé, má ṣe bá a wí. Ó fẹ́ bọ́ wa ni.

Bí o bá dé ni mo wí. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi, èmi náà kò ní í fi pa mọ́ fún ọ. Tètè máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọ̀nà kò ní í nà ọ́. O kò ní í pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, ì báà jẹ́ ọwọ́ lo fi sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Àfikún: Wọ́n ti pa ọwọ́ dé mọ́ ẹ̀tù náà, wọn kò jẹ́ kí n gbà á. Bí mo bá ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń yọ ọwọ́ náà sílẹ̀. Lánàá mo fẹnu mọ́ etí wọn, mo ní, "Ti ẹyẹ ni." Wọ́n mi orí, wọ́n yí ojú sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ.