Ìró Bísí Lára Ìgbòkun

Sátidé, Bódìjà

Ọkọ̀ ojú omi tí mò ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé ò jò mọ́. Ìgbòkun rẹ̀, aṣọ tó fi ń gba afẹ́fẹ́, tó ya ló kù. Ìró àdìrẹ tí Bísí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nígbà tí òun àti Kúnlé ọmọ wa ń lọ Kánádà ni mo fi lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Mi ò gé e. Mo ní tó bá dé, màá tú u fún un. Ta ló ń fi ìró tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ tí kò ní padà wá?

Ó pè nírọ̀lẹ́. “Bàbá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àbúrò mi ní ìró àdìrẹ yẹn kó bá mi mú un bọ̀. Ẹ fi àwọn aṣọ tó kù tọrẹ. A ò padà wá mọ́.”

Mo ní, “Ó dáa.”

Mo ti tú u. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Àwọn ibi tí abẹ́rẹ́ gún ti jẹ́ kí ihò ìgbòkun náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.