Ẹran Ìdí Eyín Mi Tó Ń Gbé Lọ́dọ̀ Rẹ

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé yàrá rẹ kò jò mọ́? Ẹni tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò ní jẹ́ kí n fojú wá ọ tì, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ti fi páànù tuntun bo ṣọ́ọ̀bù, mo ṣì ń kan àga.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù ló jẹ́ kí n mú bírò. Nígbà tí wọ́n yọ eyín mi lọ́sibítù yín, ẹ ní kí n fọwọ́ sí ìwé nítorí ẹran ìdí eyín tó bá a jáde. Mo fọwọ́ sí i lóòótọ́, mo rò pé ẹ̀ ń gbàṣẹ láti dà á nù ni. Àṣé ẹran náà wà láàyè! O ní ó wà nínú abọ́ pẹlẹbẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó lóoru, ẹ ń bọ́ ọ, ó sì ń pọ̀ sí i. Ẹnu yà mí, kò tíì padé. Mo wà níbí, mo tún wà níbẹ̀.

O ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń ránṣẹ́ pe ọmọ ogun ara bí kòkòrò bá dé, àmọ́ bí wọn kò bá yé pè wọ́n, àwọn ọmọ ogun á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé onílé jẹ́, ni ẹ̀jẹ̀ á fi máa jáde, ni eyín á fi máa mì. Ó yé mi kíá. Ṣé o rántí olè ilé alápatà? Ariwo kan péré, gbogbo àdúgbò ti yọ igi. Olè ti fo ògiri lọ, wọ́n ṣì fọ́ ilẹ̀kùn alápatà, wọ́n tẹ ìkòkò ìyàwó rẹ̀ fọ́. Ìyá alágbàfọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ ló ní ó tó, gbogbo wọn sì dákẹ́. Pẹ́pítáìdì tí o sọ yẹn, èròjà bíńtín tí ẹ̀ ń dán wò lára sẹ́ẹ̀lì, ìyá alágbàfọ̀ nìyẹn. Ohun tí ojú kò rí, òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó rẹ ohùn sílẹ̀ láì dákẹ́ pátápátá, kí kòkòrò má bàa bá ilé láìní ẹ̀ṣọ́! Kékeré ni abẹ́rẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Mo fi pákó sílẹ̀, mo ṣí fìlà.

O ní kò tíì di oògùn, ẹ ṣì ń wá a. Ṣùgbọ́n dókítà eyín tibí ti ní bí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní ìdí eyín mi kò bá dá, òun á yọ eyín iwájú tó ń mì, èyí tí mo fi ń di ìṣó mú. Káfíńtà wo ló kù nígbà náà? Ni mo bá dúró níwájú dígí, mo la ẹnu, mo gbé àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí o fi ránṣẹ́ sí mi síwájú ẹnu náà, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ilé lè rí bí ẹbí wọn tó wà nígboro ṣe fara balẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ fọ ẹnu, pé a kì í fi ìdọ̀tí pàdé àlejò. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, tàárọ̀ tàṣálẹ́ ni mò ń fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ìtìjú ẹbí.

Ẹ̀jẹ̀ ti dá! Dókítà ní kí eyín náà máa wà níbẹ̀, ó bi mí léèrè ohun tí mo ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bó ṣe wọ èmi náà.

Ohun kan ló dùn mí díẹ̀. O ní ẹ máa ń da ìdọ̀tí kòkòrò lé ẹran mi náà lórí láti dán an wò. Bàbá rẹ nìyẹn o. Mi ò bínú, iṣẹ́ ni iṣẹ́, àmọ́ kí o tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kúnlẹ̀ kí i. Bí ọ̀gá rẹ bá béèrè, sọ ẹni tó jẹ́ fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ẹran tí kò tó èékánná ń rí ọ láràárọ̀, o ń bọ́ ọ, o ń wò ó bóyá ó sùn dáadáa. Èmi tí wọ́n gé e lára mi kò tíì rí ọ láti ìgbà náà.

Ohun tí ò ń wá, wàá rí i, ayé á jẹ ànfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
èyí tó tóbi nínú àwa méjèèjì.