Ìyá Tí Mo Pè Ní Ìyá Yín

Ìlobù, Ọjọ́bọ̀, ìgbà òjò 1956

Bàbá Ràṣídì,

Akọ̀wé kan wá láti Òṣogbo lónìí, ó wá yẹ ilé tí ẹ kọ́ sẹ́yìn ọjà wò, tí àwọn tí kò nílé ń sùn sí. Ó ní ọmọ Ìlobù nìkan ni owó ìjọba tí a fi ń ra igi àti ẹ̀kọ wà fún. Bí òun bá rí ará ibòmíràn níbẹ̀, owó ti tán nìyẹn.

Ìyá arúgbó ará Ìfọ́n tí ẹ mú wá kí ẹ tó kú jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ̀nà ilé wọn mọ́.

Akọ̀wé bi wọ́n pé: "Ọmọ ìlú ibo ni yín, ìyá?"

Wọ́n ti ń lanu. Mo yára dáhùn: "Ìyá ọkọ mi ni wọ́n, sà."

Ojú rẹ̀ kò gbà á. Mo bá kúnlẹ̀ síwájú ìyá, bí ìyàwó ilé: "Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà."

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ dà?"

Mo ní: "Wọ́n lọ sóko, mà."

Akọ̀wé pòṣé. "Ìyá ọkọ yín ló ń sùn lẹ́yìn ọjà? Ojú ò tilẹ̀ tì yín! Ẹ mú wọn lọ sílé kíá."

Owó ò tán. Ìyá sì wà ní yàrá yín báyìí, lórí ẹní yín.

Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n má tì í, ọmọ àwọn kò tíì ti oko dé.

Mi ò tì í.