Ilé Tó Ń Làágùn

Èmi aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́ọ̀ọ́kán ilé bàbá yìí ni mò ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ni, kì í ṣe tèmi. Ọmọ àgbẹ̀ ni bàbá, oko ni wọ́n bá baba wọn lọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ sí ilé ìwé, nítorí náà wọn kò mọ̀wé kọ. Wọ́n fẹ́ kí àbíkẹ́yìn wọn obìnrin tó wà lókè òkun gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ já sí, nítorí pé lórí fóònù, ọmọ náà máa ń já lu ọ̀rọ̀, ó sì máa ń sunkún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe kó lè dùn ún kà. Wọ́n ní bí mo bá tún un ṣe, àwọn á mọ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe máa mọ̀, ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe.

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù ọ̀hún kò ti rán yín mọ́ inú ilé? Ní tiwa, ọpẹ́ ló yẹ wá. Kí n tètè sọ èyí tí o ń wá, kí o má baà máa fi ojú fo ìwé mi: ìyá rẹ wà láàyè, ó wà nílé, kò sì lọ síbì kankan. Ó yá, jókòó kí o gbọ́ bó ṣe rí.

O mọ̀ pé nígbà tí a gbé e dé láti ọsibítù, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé ooru ni ọ̀tá rẹ̀ báyìí. Bí ooru bá mú un, ọkàn náà á máa sáré bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ilé wa sì nìyí, páànù lókè, sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, oòrùn ń bá wa gbé bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Fáànù ń yí, ooru ló ń fẹ́ sí wa lójú. Iná àdúgbò wa kò sì lágbára láti gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin bá ní kí ooru tó dé góńgó, òun á wá gbé ìyá òun lọ sí ilé òun nílùú ńlá, níbi tí yàrá tútù wà. Ó ní kí èmi náà máa bọ̀. Mo ní ibi tí mo ti jí lónìí ni mo ti máa jí lọ́la. Ìyá rẹ kàn ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, a kò sun ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí, àfi ìgbà tó bá bímọ àti ìgbà tí àìsàn yìí dá a dúró ní ọsibítù. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ni mò ń pa lójú wọn.

Nígbà tí o wá ránṣẹ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń ri páìpù mọ́ ọn, kí omi inú páìpù lè máa gbé ooru ilé lọ sínú ilẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo bi àwọn tó jíṣẹ́ rẹ fún mi pé, “Ooru ilé mi lẹ fẹ́ sin? Ìgbà wo ló kú?” Káfíńtà ọ̀rẹ́ mi ní tí a bá ti ń sin ín, kí n pe òun, òun á bá mi kan pósí. Ṣùgbọ́n ní inú mi lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Nígbà tí èmi àti baba mi ń gbẹ́ kànga lóko, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í fẹ́ gòkè wá lọ́sàn-án. Ẹni tó wà lókè ló máa ń bú u pé ó ti sùn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í mọ̀ pé oòrùn ń ràn.

Nígbà tí àwọn tí o rán dé, ẹ̀yìnkùlé mi ni mo kọ̀ fún wọn. Àgbàdo mi ti ga dé èjìká níbẹ̀, mo ní ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kàn án á rí mi. Ìyá rẹ ló pè mí. Ó ní, “Bàbá wọn, èmi àti àgbàdo, èwo nínú wa lẹ fẹ́ bá jẹun lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀?” Mo jáde, mo fa àgbàdo náà tu fúnra mi.

Obìnrin ni ọ̀gá àwọn tó wá ṣe é. Ìyá Páìpù ni mò ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, wọ́n tẹ́ páìpù dúdú sínú rẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po bí okùn, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ le. Nínú ilé, wọ́n tẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní yàrá àti pálọ̀, wọ́n da sìmẹ́ńtì tuntun lé e. Ẹ̀rọ kan tó tó àpótí aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Pátákó tó ń gba iná lára oòrùn wà lórí páànù fún un. Ìyá Páìpù ní ẹ̀rọ á fa ooru kúrò nínú ilé, á gbé e fún omi, omi á lọ gbé e fún ilẹ̀. Mo bi í bóyá ilẹ̀ kò ní yó. Ó ní ilẹ̀ mi gbòòrò tó fún ilé kékeré bí tiwa, pé á máa rí àyè tú ooru náà ká díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tan án, ìyá rẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Ó dà bíi pé mo wọ odò.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Òjò kan rọ̀, ọ̀sán ọjọ́ kejì la rí omi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnì kankan kò da omi. Mo nù ún, ó tún padà wá. Ìyá rẹ fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ etí bẹ́ẹ̀dì tó dì mú. Ẹnì kan ti sáré fi tó ẹ̀gbọ́n rẹ létí kí n tó simi. Ó pè mí, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, pé kí n di ẹrù ìyá òun sílẹ̀, òun kò ní kí n bá òun jiyàn.

Ó dá mi lójú pé páìpù ti bẹ́. Mo mú ọ̀pá irin tí mo fi ń wú kùkùté, mo fẹ́ fọ́ ilẹ̀ náà kí n rí ojú ibi tó ti jò. Ìyá rẹ gbé àga sí àárín ibi tí mo fẹ́ fọ́, ó jókòó lé e. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ́ òun. Olóríkunkun lèmi, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ mi náà kò rọ̀. Mo pe Ìyá Páìpù, mo sì sọ̀rọ̀ sí i tí n kò ní jẹ́ kí aránṣọ kọ síbí.

Ó dé, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó wo ojú aago kékeré tó wà lára ẹ̀rọ, ó ní omi inú páìpù kò dín. Lẹ́yìn náà ló wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀kùn iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn. Ó bi mí pé ta ló ṣí gbogbo wọn sílẹ̀. Mo ní ta ni ì bá tì wọ́n? Ìwọ náà mọ ilé wa. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn wa kì í padé. Ẹni tó bá tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, oúnjẹ ló ń fi pamọ́ tàbí kí ó máa sá fún ènìyàn. Pàápàá báyìí tí èrò ń wá kí ìyá rẹ, tí wọ́n ń wọ́ tìrítìrí bí èèrà.

Ìyá Páìpù ní, “Bàbá, bí ẹ bá gbé kọ́ọ̀pù omi tútù kalẹ̀, tó ń làágùn lára, ṣé ó jò ni?”

Mo ní kò jò.

Ó ní, “Ilé yín náà kò jò. Ó ń làágùn ni.” Ó ní atẹ́gùn ẹ̀yìn òjò kún fún omi, tó bá wọlé wá pàdé ilẹ̀ tútù, omi inú rẹ̀ á já sílẹ̀. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbọ́dọ̀ máa wà ní títì, kí ẹni tó bá wọlé sì tètè fà á dé. Ìgbà tí ìta bá gbẹ tó sì tutù nìkan la lè ṣí i.

Mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tilẹ̀kùn ọ̀sán mọ́ ènìyàn rí, n kò sì ní fi ọjọ́ ogbó bẹ̀rẹ̀ ahun. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí òun máa tú ẹ̀rọ òun lọ, kí ọmọ wá gbé ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bẹ̀rù mi rárá. Ó rán mi létí rẹ.

Ni mo bá tilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi wúwo lórí rẹ̀, mo sọ fún ọ. Kí àdúgbò má baà sọ pé ahun ti dé, mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà níta, mò ń kí àlejò, mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fà á dé lẹ́yìn wọn. Káfíńtà dé, ó dúró gbọin-gbọin níwájú mi, ó ní, “Mégáàdì, ṣé màdáàmù wà nílé?” Orúkọ tí wọ́n ń pè mí títí dé ìkóríta nìyẹn báyìí. Kí wọ́n máa pè é. Kí ilẹ̀ kejì tó mọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti gbẹ bí àwo tí a nù.

Sátidé pé, ẹ̀gbọ́n rẹ dé tòun ti mọ́tò. Ó ti to ìrọ̀rí sí ìjókòó ẹ̀yìn fún ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ le, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, oòrùn ọjọ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bọ́ bàtà kó wọlé. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kí òun simi díẹ̀ ká tó máa lọ. Kò pẹ́, ó ti na gbalaja, ó sùn lọ.

Nígbà tó jí, ìyá rẹ ti dìde fúnra rẹ̀, ó ti rìn dé ilé ìdáná, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń wò ó. Kò sọ ti ẹrù mọ́. Ó bi í pé, “Mọ́mì, ọkàn yín ńkọ́?” Ó ní, “Ó wà níbi tó wà. Jẹun kí o máa lọ, kí ọ̀nà má ṣú ọ.” Ó jẹun, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ tòun ti ìrọ̀rí. Mo dúró títí n kò fi gbọ́ ìró mọ́tò náà mọ́, mo wá wọlé, mo fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ ń sùn nínú yàrá. Ọ̀sán gangan ni, páànù ń ta pàrà-pàrà lókè, èémí rẹ̀ sì ń lọ geere. Ó ń hanrun. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, o ṣeun. Ohun tí o ṣe fún wa, ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ á tù ọ́ lára. Ilé rẹ kò ní gbóná mọ́ ọ, ọ̀nà rẹ kò ní dí, a ó sì fojú kan ara wa ní ayọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń béèrè nọ́ńbà Ìyá Páìpù. Má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi san owó fún wọn tán. Lẹ́yìn náà, ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Bàbá fi àtàńpàkò wọn tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: káfíńtà, ọ̀rẹ́ bàbá, tó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: ìyá ẹni tí a kọ̀wé sí, tí wọ́n jí nígbà tí mò ń kà á sókè. Wọ́n ní kí n yọ ibi tí wọ́n ti ń hanrun kúrò. Bàbá kọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.