Omi Inú Ìgò Ọmọ

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ
A dé ilé ìtura láyọ̀. Èmi, Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àti àwọn ọmọ mi méjèèjì: Agbẹjọ́rò, ọmọ ọdún mẹ́fà tí í bá gbogbo ayé jiyàn, àti Kékeré tí kò tíì pé ọdún méjì. Bàbá wọn kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Oògùn ibà, oògùn ẹ̀fọn, iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, ọṣẹ — báàgì mi di ilé ìwòsàn. Agbẹjọ́rò ní kí n kúkú gbé dókítà sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Gbogbo wa wẹwọ́ kí a tó jẹun. Agbẹjọ́rò béèrè ìdí tí a kò fi fọ ẹsẹ̀, ṣebí ẹsẹ̀ la fi rìn wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, wọn kì í fi oúnjẹ kan ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Mo mọ ìdí.

Ọjọ́rú, 6
Kí n kọ ọ́. Ní ìrìn àjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Agbẹjọ́rò lọ́wọ́ wa. Mo ní ọsàn tí Ẹ̀gbọ́n gé fún un ni, pé wọn kò fọ ọ̀bẹ. Gbogbo ẹbí gbà. Ta ni yóò bá ẹni tó ka ìmọ̀ omi ní politẹ́kíníìkì jiyàn? Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo bu omi ẹ̀rọ ilé ìtura sínú ìgò ọmọ. Mo gbé e sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀, ó mọ́ lóló, ọ̀lẹ kò sì jẹ́ kí n sè é. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní wa ní politẹ́kíníìkì ni pé ojú lásán kì í rí àrùn inú omi.

Ọjọ́bọ̀, 7
Kékeré ń bì. Èmi náà ń bì. Ilé ìwòsàn inú báàgì mi ríṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Dókítà tí ilé ìtura pè ní kí a máa fi ṣíbí fún Kékeré ní omi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀, láì dáwọ́ dúró. N kò lè dìde jókòó. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n bá mi fún un. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn.

“Ìyàwó wa, tí nǹkan bá tún ṣe é, ọwọ́ ta ni wọ́n á ní ó ti wá?”

Ètè ọmọ ti gbẹ. Mo sọ ọ́: omi ẹ̀rọ ni, èmi ni mo bù ú, mo purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n wẹwọ́, ó pẹ́ — wọ́n gba ṣíbí.

“Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fọ ọ̀bẹ tán, màá tún un fọ̀.” Nígbà tó yá: “Wàá sọ ọ́ fún àbúrò mi náà.”

Ọjọ́ Àìkú, 10
Kékeré ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ó ń wo bàtà mi bí ẹni pé bàtà náà ló kàn láti jẹ. Mo pe bàbá wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún Ẹ̀gbọ́n òun, kí n sì bọ́ síta.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Agbẹjọ́rò fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe; ó ní òun á bá mi ro ẹjọ́ náà. Mo ń gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n — ẹ̀rín ni àbí ẹkún, n kò mọ̀. Wọn kò tíì pè mí wọlé.