Ẹ Má Kí Màmá Àgbà Lórí Afárá

                                        Abúlé Rạch Mận,
                                        Bến Tre.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2003.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bền,

Kí n tó kí yín rárá, èmi kọ́ ni mo ti Màmá àgbà sódò. Ẹni tó gbé ìròyìn yẹn wá sí ibi iṣẹ́ yín parọ́. Ìkíni ló gbé Màmá ṣubú. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà ìlú ńlá. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ọmọ ti ń rákòrò? Àgbọn wa so dáadáa, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ń jẹun jù mí lọ.

Ẹ mọ afárá wa: ọparun kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́. Ẹ sì mọ̀ pé Màmá ni gbogbo abúlé máa ń bi ní ọjọ́ tí ìrántí òkú wọn bọ́ sí. Màmá wà láàárín afárá, wọ́n ń lọ tan tùràrí níbi sàréè Bàbá àgbà, ni Ìyá Nhài, aládùúgbò wa, bá ké láti etí odò: "Màmá, ẹ kú ìrìn o! Ọjọ́ wo ni ti ìyá ọkọ mi bọ́ sí?" Màmá bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ẹsẹ̀ wọn tẹ afẹ́fẹ́. Nígbà tí a fà wọ́n jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n dá a lóhùn: "Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì ní awọ funfun ti ń bo ojú Màmá. Ó ní bí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì, ọkàn àgbà ló máa ń bá ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Bí a bá wá bi ọkàn náà ní ìbéèrè, ẹsẹ̀ ku òun nìkan.

Ni Bàbá Đạt, àbúrò bàbá wa, bá gbé ọkọ̀ ojú omi dé láti ìlú. "Màmá, ẹ máa bá mi lọ. Ilé mi ò ní afárá." Màmá ní, "Ọkọ mi náà ò sí níbẹ̀." Wọ́n jọ fẹnu kò: Màmá yóò gun afárá lójú Bàbá Đạt ní òwúrọ̀ ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú. Bí wọ́n bá yẹ̀ gẹ̀rẹ́, inú ọkọ̀ ni.

Mo fi ẹfun kun ọparun kí ojú Màmá lè rí i. Lẹ́yìn náà mo lọ láti ilé dé ilé pé kí ẹnikẹ́ni má kí Màmá lórí afárá. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ náà. Ìyá Nhài bínú: "Ìwọ Kha, ṣé kí n máa wo àgbàlagbà bí ewúrẹ́ ni?" Mo ní, "Ewúrẹ́ kì í ju èèyàn sódò." Ó sọ bàtà lù mí.

Lọ́jọ́ náà, etí odò kún, kò sẹ́ni tó lanu. Màmá ń lọ. Ní àárín, wọ́n dúró, ẹsẹ̀ wọn wá ọparun, ó rí i. Wọ́n dé òdìkejì, wọ́n yíjú padà: "Ta ló kú? Gbogbo yín ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá, ẹnì kan ò lè kí mi! Ẹ̀yin ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí!" Wọ́n bá lọ tan tùràrí wọn. Bàbá Đạt nìkan ló wọ ọkọ̀ padà lọ.

Ẹ bá wa kí ìyàwó yín. Màmá ní kí ẹ máa dé fìlà fún ọmọ.

Mo fẹ́ ka àwọn tó dúró tì mí lọ́jọ́ náà fún yín. Ìyá Nhài wà níbẹ̀, ó fi akẹtẹ̀ bo ẹnu. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ta ewébẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí omi gbé òun padà sẹ́yìn. Olùkọ́ mi àtijọ́ di ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Mo ka wọn títí mo fi dé orí Bàbá Đạt, tí àwọn náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Níbẹ̀ ni mo ti dẹ́kun kíkà.

Èmi ni àbúrò yín, olórí kunkun,
Kha.